Ìgò Tó Sùn Mọ́jú

Gánmọ̀ ni mo ti ra dísù,
ogún lítà, owó tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì
kí n tó fi lé Múkádáàsì lọ́wọ́.
Mo kọ́ ọmọ yẹn ní ìṣirò ní kíláàsì kẹrin.
Ó ní, "Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,"
ó sì nu gíláàsì ọkọ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo kọjá Ìdọ̀fián, ọkọ̀ ń rìn.
Mo kọjá Ajàṣẹ́, ọkọ̀ ń rìn bí àgbàlagbà tó jẹun yó.
Ó ku díẹ̀ kí n rí Òró
ni Pijó tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi wúkọ́.
Mo ní kò sí nǹkan.
Ó tún wúkọ́, èéfín funfun tú jáde lẹ́yìn
bí ẹni fi igi tútù dáná.
Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.
Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.
Ó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́,
mo sì jókòó tì í bí ère Èsìẹ́,
ọwọ́ lórí orúnkún, ojú lójú títì.

Èébú tí mo bú Múkádáàsì níbẹ̀,
kí Ọlọ́run má kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ó ń jí ṣọ́ọ̀kì láti kékeré.
Mo ní abájọ tó fi nu gíláàsì!
Mo tẹ̀ ẹ́ láago, mo pè é ní olè.
Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú."
Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Láwàní mọ́kálíìkì gun ọ̀kadà dé,
rọ́bà lọ́rùn rẹ̀ bí tẹ̀sùbáà.
Mo ní kó tú nọ́sù. Ó ní rárá.
Mo ní kó tú páǹpù. Ó ní,
"Ẹni tí a bá fura sí, ìyá, a kì í kọ́kọ́ nà án."
Ó ṣí ìdí fílítà, ó gbọn dísù sínú ìgò funfun,
ó dé e.
Ọkọ̀ akóṣu kan fi okùn fà wá dé ṣọ́ọ̀bù,
ó gbé ìgò sójú fèrèsé.
"Ẹ jẹ́ kó sùn. Tó bá máa rojọ́, á rò ó láàárọ̀."
Ìgò sùn. Èmi ò sùn
lórí ẹní tí ìyàwó rẹ̀ tẹ́ fún mi.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó pè mí.
Dísù wà lókè, ó pọ́n bí oyin.
Omi wà nísàlẹ̀, ìka mẹ́ta gbáko,
ìpẹtà sì rọ̀ sílẹ̀ nídìí omi bí gèdẹ̀gẹ́dẹ̀.
"Ṣé mo sọ ọ́!" Ọwọ́ mi ti wà lórí fóònù.
Láwàní ń yí ọkọ̀ po.
Ó dúró lẹ́nu táǹkì,
ó fa ọ̀rá búrẹ́dì jáde,
èyí tí mo fi rọ́bà irun dè
nígbà tí ìdérí sọnù, lóṣù Òkúdù.
Agẹmọ rọ̀ lé e. Ògún rọ̀ lé e.
Ihò mẹ́rin. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Ó ṣì lè jẹ́ ti Gánmọ̀."
Ó ní, "Ó lè jẹ́. Omi kì í jẹ́ orúkọ bàbá.
Ṣùgbọ́n ìpẹtà kì í ṣe ọmọ àná."

A fa táǹkì gbẹ, a pààrọ̀ fílítà,
ó tẹ páǹpù ọwọ́ títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán.
Pijó wúkọ́, ó sín, ó jí.
Òmù-Àrán ni ilé mi.
Mo ṣẹ́rí ọkọ̀ padà sí Gánmọ̀,
mo gbé ìgò sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi,
mi ò tíì mọ ohun tí n ó wí.
Gbogbo kòtò ọ̀nà ń pò wọ́n pọ̀, omi àti epo.
Bí mo bá dúró fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀,
wọ́n á tún yà.