Iná Kò Tán Láṣọ

Ọjọ́ Àìkú, yìnyín ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí odò Tay,
Struan Petrie kan ilẹ̀kùn mi ní Dundee,
ó gbé òkú kan dání nínú báàgì ìrajà:
kọ̀ǹpútà dúdú pẹlẹbẹ,
bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, ó rọ̀ bí etí ológbò.
"Màmá Effie, wọ́n ní kí n jù ú nù.
Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ lè mọ ohun tó pa á."

Mi ò dá a lóhùn. Mo gbé omi tíì kaná.
Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó pa òkú
kì í kọ́kọ́ la ikùn; ọ̀nà tó gbà délé ló ń bèèrè.
Mo bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri.
Ògiri ní iná. Pọ́ọ̀gì ní iná. Fíúsì ò já.
Wáyà tí mo rò pé eku ti jẹ, eku ò jẹ ẹ́.
Mo fi ẹnu mítà kan ẹnu àpótí iná:
mẹ́sàn-án pé, ó tilẹ̀ ní èènì lórí.

Mo so ó mọ́ tẹlifíṣàn àtijọ́ inú yàrá.
Ìlà funfun, ìlà dúdú, ìlà funfun,
bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ ara rẹ̀
tó jẹ́ pé eyín nìkan ló ń hàn.

Mo tú u. Ọ̀kùn mẹ́jọ sùn lórí pátákó,
ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan, kò séyìí tó ń rìn.
Oúnjẹ wọn ọ̀nà mẹ́ta ni:
márùn-ún, méjìlá, àti márùn-ún tó kọ ẹ̀yìn síni.
Márùn-ún wà níkàlẹ̀.
Àwọn méjì yòókù, mo wá wọn títí tíì fi tutù.
"Ebi ni," ni mo wí fún Struan.
"Ebi ń pa á lójú oúnjẹ."

Mo fọwọ́ kan ọ̀kùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ibà ọmọ:
tutù, tutù, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tutù, tutù,
ẹ̀kẹfà ta mí bí agbọ́n.
Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó nílé iṣẹ́ yẹn,
irin gbígbóná lọ́tùn-ún, lẹ́ẹ̀dì lósì.
Iná tèmi, inú wáyà ló wà;
àpá rẹ̀ ò sì tíì tán lọ́mọ ìka mi.

Mo dojú pátákó délẹ̀.
Nídìí kọ́ìlì, ẹsẹ̀ wáyà kan dúró nínú lẹ́ẹ̀dì
bí eyín tó ń mì nínú erìgì:
lẹ́ẹ̀dì tí kò yọ́ dénú, tó kàn bo ojú.
Iṣẹ́ ìkánjú. Iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì,
tí agogo ìjáde ti fẹ́ lù, tí bọ́ọ̀sì ò ní dúró deni.
Mo ti fi ẹni tó ṣe é ṣe yẹ̀yẹ́ tán
kí n tó rí òǹtẹ̀ létí pátákó:
nọ́ńbà mẹ́rinlélógún, tádà aláwọ̀ ewé.
Òǹtẹ̀ mi.

Struan ń bá fóònù rẹ̀ ṣeré. Kò rí mi.
Mo bọ́ awò ojú, mo nù ún, mo tún gbé e wọ̀.
Mẹ́rinlélógún náà ni.
Ọmọ kan ti gba ẹ̀rọ yìí lọ́jọ́ Kérésìmesì,
ó ti tàn án, ó ti gbá a, ó ti sunkún,
bàbá rẹ̀ ti gbé e sókè àjà,
èmi sì ń sùn, mò ń hanrun.

Mo gbé irin kaná. Mi ò kánjú lọ́tẹ̀ yìí.
Mo jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì yọ́ títí ó fi dán bí ojú ẹja.
Mo yọ ọ̀kùn kẹfà, mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀
láti inú agolo bísíkíìtì tí mò ń kó wọn sí.
Méjìlá wọlé.
Ojú tẹlifíṣàn ṣú díẹ̀, ó funfun,
ọ̀rọ̀ kan là nísàlẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é ló gbẹ̀yìn rẹ̀.
Bọ́tìnnì mẹ́ta ò tíì dáhùn. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Struan fò sókè. Ó bèèrè pé eélòó ni.
Mo ní kó bá mi pa ilẹ̀kùn dé bó bá ń lọ,
òtútù odò ti ń wọlé.