Bébà Sìmẹ́ńtì

Orí ìṣó kan ni ọ̀gá mi so ó rọ̀ sí
ní ṣọ́ọ̀bù wa l'Ápákẹ́, l'Ógbòmọ̀ṣọ́:
bébà kan ṣoṣo
tí gbogbo obìnrin àdúgbò gbọ́dọ̀ há sí.

Oyèpéjú dé lọ́sàn-án Ọjọ́rú.
Aṣọ rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́ta nínú àpótí;
òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ kí mi.
Bí mo ṣe na téèpù yí i ká, ó fa ikùn wọlé.
"Ẹ dín in kù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Mo ń gbààwẹ̀."

Mí síta, àbúrò mi.
Èémí rẹ náà wà nínú ìwọ̀n.

Mo já bébà lára ìṣó.
Mo là á láti èjìká dé ìbàdí,
mo yà á nípa ní ìka mẹ́rin,
mo fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì èṣí dí àlàfo rẹ̀:
oṣù Ẹrẹ́nà bọ́ sábẹ́ ọmú,
oṣù Ọ̀pẹ̀ jókòó sí ìdí.
Apá nìkan ló yọ mí lẹ́nu;
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u.

Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, kò wo dígí.
Ó na apá méjèèjì sókè,
ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó bá mi ṣa abẹ́rẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Òwú kankan ò já.