Ihò Kejìlá

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí Verlin fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì,
ó ní, "Gbogbo ilé ló ní ọ̀nà ọ̀fun. Iṣẹ́ tiwa ni ká máa yẹ̀ ẹ́ wò."
Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń yẹ ọ̀fun ilé wò ní Duluth,
níbi tí òtútù oṣù kìíní ti ń mú irun imú dì bí abẹ́rẹ́,
tí adágún ńlá ìsàlẹ̀ òkè ń kérora lábẹ́ yìnyín
bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun.

Aili Koskela ló pè mí. Ó ní aṣọ òun kì í gbẹ mọ́.
Òun á kó o sínú ẹ̀rọ kí ìròyìn aago mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀,
ìròyìn aago mẹ́wàá á parí, kọ́là ṣì tutù bí imú ajá.
Ọmọ rẹ̀ ti ra ẹ̀rọ tuntun. Ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.
Mo ní, Màmá, ẹ̀rọ ò lẹ́bi.

Mo gba ẹ̀yìn ilé, yìnyín mù mí dé orúnkún,
mo tú ìdérí páànù. Ẹ wo ohun tó jáde:
òwú, òwú, òwú,
ní ìpele-ìpele bí ojú ewé ìwé,
pupa súwẹ́tà Kérésì,
búlúù ẹ̀wù iṣẹ́ tẹ́nìkan ò wọ̀ mọ́,
irun Musti, ajá tó ti kú láti ọdún mẹ́fà.
Láàárín rẹ̀, ìtẹ́ ológoṣẹ́,
ẹyin kan ṣoṣo, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.
Etí òwú náà ti dúdú. Iná ti tọ́ ọ wò.
Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Ilé Aili kì í ṣe ilé ọba;
yàrá mẹ́ta ni, àti àtẹ̀gùn tó ń dún.

Ó yẹ kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ní,
"Níwọ̀n ìgbà tó o ti wà níhìn-ín..."
Yàrá kékeré òkè, níbi tí Reino ń sùn,
ooru kì í débẹ̀. Ó ti pẹ́ débi pé
òun rò pé ara ọkọ òun ló tutù.

Mo sọ̀ kalẹ̀ sí àjà ilẹ̀, mo pa ẹ̀rọ amúlégbóná,
mo yọ asẹ́ rẹ̀, ó wúwo bí àkàrà tó mu epo yó.
Mo ka àwọn ihò. Mọ́kànlá ń mí.
Mo gun òkè, mo ti ọ̀pá bọ ìkejìlá,
ohun kan dì í mú bí ọwọ́ ọmọdé.
Mo fà á. Jákẹ́ẹ̀tì ni,
jákẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ èbúté, wọ́n ká a, wọ́n fi okùn dì í,
wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ inú páànù bí ẹni dé ìgò.
Iṣẹ́ òru ni Reino ṣe láyé. Ọ̀sán ló ń sùn.

Mo kúnlẹ̀, mo fetí sí ihò.
Nísàlẹ̀, nínú kíṣìnì, Aili ń fọ ife.
Mo gbọ́ omi. Mo gbọ́ ṣíbí. Mo gbọ́ èémí rẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, mo kàn sọ ọ́.
Ó gba jákẹ́ẹ̀tì náà, ó wo fóònù ara ògiri kíṣìnì,
èyí tó fi ń bá Helvi àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́
nípa ọkọ.
"Ọdún wo," ó ní, "ọdún wo ló dí i?"
Eruku kì í ka ọdún fúnni.

Mo tan ẹ̀rọ padà. Ooru dé yàrá kékeré
pẹ̀lú òórùn eruku gbígbóná.
Ó ní kí n dúró síbẹ̀, kí n má fọhùn.
Ó lọ bẹ̀rẹ̀ nídìí ihò kíṣìnì, mo gbọ́ orúnkún rẹ̀ tó dún,
lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ gba inú páànù wá, ó ṣe kedere
ju ìgbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú:
gbólóhùn mẹ́rin, bóyá márùn-ún, ní èdè àwọn ará Finland.
N kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

Mo kọ ìwé owó: ihò méjìlá, ẹ̀rọ amáṣọgbẹ kan.
Mo fẹ́ bi í bóyá kí n bá a da jákẹ́ẹ̀tì náà nù.
Ó ti gbé e wọ̀.