Ẹ̀ẹ̀méje ni Ìbídùn Kú

Ẹ̀ẹ̀méje ni Ìbídùn kú lójú wa.
Ẹ̀kíní, wọ́n bu májèlé sí tíì rẹ̀;
ẹ̀kejì, ọkọ̀ ojú irin.
Yèyé Àdùbí ò wo ẹ̀kẹta tán:
ó já gèlè kúrò lórí, ó bọ́ síta,
ó ní kí n tẹ Lọ́ńdọ̀nù láago kíá.
Ìbídùn gbé e. Búrẹ́dì ló ń jẹ lọ́wọ́.

Ní Ìjerò níbi, tí wọ́n sin ìwọ́ bàbá rẹ̀ sí,
a ò mọ orúkọ tí Òyìnbó kọ sára ògiri tíátà.
A ṣáà mọ̀ pé ogún ọdún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì,
ìránṣẹ́bìnrin, ìyá olè,
kí wọ́n tó dé e ládé ayaba.
Adé páálí ni, ó ní, ó ń yún òun létí.

Ó wálé lọ́dún tó kọjá, orí funfun,
ọ̀pá lọ́wọ́.
Yèyé fọwọ́ pa á lójú, ó pa á lẹ́rẹ̀kẹ́,
ó ní, "Èwo nínú yín ló dé yìí?"

Ìbídùn lanu, kò rí gbólóhùn kan sọ,
òun tó ń há odidi ìwé sórí.
Ó kúnlẹ̀ nínú eruku.
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.