Lábẹ́ Igi Kaṣú

Òtútù kì í ti òkè wá, Oyèdòkun ló sọ fún mi,
abẹ́ ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé bí olè.
Aṣọ méjì ni mo dà bora lálẹ́ àkọ́kọ́,
eyín mi sì ń lu ara wọn títí àkùkọ fi kọ.

Kaṣú là ń ṣọ́ lóṣù Ẹrẹ́nà, lẹ́yìn Ajáàwà;
ọ̀kadà Ògbómọ̀ṣọ́ kì í kọjá ibẹ̀.
Ilẹ̀ kò ṣeé sùn: ìjàlọ, àkekèé.
La bá rán àpò ìrẹsì pọ̀,
a so ó mọ́ igi méjì,
a wọnú ẹ̀ bí ọmọ inú ọ̀já.

Ó ki koríko gbígbẹ sínú àpò, ó tẹ́ ẹ sí mi lẹ́yìn.
Ó fa àkísà ya, ó so ó mọ́ okùn lápá orí, lápá ẹsẹ̀:
“Òjò á tọ okùn wá bá ọ.
Ibí yìí ni kó ti kán sílẹ̀.”
Ìṣáná, fóònù, ṣòkòtò kan tó gbẹ:
inú ọ̀rá, inú ọ̀rá míì, abẹ́ itan mi.

Lóru ọjọ́ Ẹtì ló dé, tòun ti yìnyín.
Tapólì ń ta lórí wa bí ẹ̀pà inú agbada.
Mo nawọ́ sí okùn nínú òkùnkùn:
omi ń sáré bọ̀,
ó dé ibi àkísà,
ó dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé,
ó kán.

Mo pè é: “Ṣé o gbẹ?”
Ó ti ń hanrun.
Olè ì bá kó gbogbo kaṣú lọ lóru yẹn,
n kì bá mọ̀.
Ẹ̀yìn mi ti móoru.