Ìdajì Igbá

Igbá mẹ́ta ni Alámì, abo màlúù mi, ń fún wa
nígbà tí òjò ṣì mọ ọ̀nà Ọ̀sìẹ̀lẹ̀.
Lónìí, ìdajì igbá;
àwọn ará Kútọ̀ sì ń retí wàrà.
Ó yọ ahọ́n síta bí ajá.

Dáúdà wá láti yunifásítì Alábàtà,
ó fi ọ̀pá dígí wọn ooru,
ó ní ayé ń gbóná.
Kúlú ò wò ó. Ó ń já ewé bọ̀mùbọ̀mù
tí yóò fi mú wàrà dì.
“Ọmọ mi, ọmú ti sọ fún mi
kí ọ̀pá rẹ tó sọ.”

Òkùnkùn la fi ń fún wàrà báyìí,
kí oòrùn tó rí ojú wa.
Èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn onígààrí Ọdẹ́dá ń dà nù,
a sá a, ó gbẹ, ó di oúnjẹ ẹran.
Mo ta akọ méjì, mo fi gbẹ́ kànga.
Kànga náà ò tíì rí omi.

Lálẹ́ àná, àrá sán lọ́nà Ọ̀yán.
Gbogbo agbo gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà.
Àwa náà.
Kúlú gbé garawa síta,
ó dojú ẹ̀ délẹ̀,
ó ní kí òjò má rò pé a ń dúró dè é.