Ìwé Tí Erminda Fi Ń Ka Ẹyẹ

Kò ní ìkóóde. Ẹ má fi wé odídẹ́ tiwa.
Ewé ni gbogbo ara rẹ̀, àfi iwájú orí
tó pọ́n bí àdá tó dípẹtà.

Lórí òkè Tolima, níbi tí èémí ti wọ́n bí iyọ̀ ayé ogun,
Erminda Quimbayo ń gbin pòtétò.
Bàbá rẹ̀ a máa tiná bọ koríko
kí màlúù lè rí tútù jẹ.
Òun náà ti ṣáná sí i rí. Kò fi pa mọ́ fún mi.

Àwọn tó ti Bogotá wá ní ẹyẹ náà ti wọ
ìwé àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n tán.
“Mo ti mọ̀,” ló wí, “kí wọ́n tó kọ ọ́.”
Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé iléèwé ọmọ rẹ̀:
oṣù kẹta, mẹ́tàdínlógún;
oṣù kẹfà, mẹ́sàn-án, ọ̀kan kò nírù.

Òní ńkọ́?
A jókòó títí omi ìrèké inú ife fi tutù.
Ohùn tín-ín-rín kan kọjá lókè orí wa,
a wòkè, a ò rí nǹkan kan.

Mo ní kó kọ òfo.
Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé,
ó lá ẹnu pẹ́ńsùlù,
ó kọ ọ́: kùrukùru.